Mọ́tà símẹ́ǹtì òun ọ̀dà fún abẹ́ ojú irin: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Ìkòròdú

Sílábù kọnkéré kan wà lórí ìpìlẹ̀ fún ìdánwò, ní àpẹẹrẹ èyí tí irin ọkọ̀ ojú irin ń wà lórí rẹ̀. Ó gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.6, ó sì nípọn ní mm 100. Bóòtù mẹ́rin ló gbé e dúró kí àlàfo mm 50 lè wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni pé kí mọ́tà kún àlàfo yẹn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìku ihò, kó le tó láti gbé ẹrù, síbẹ̀ kó rọ̀ tó láti gba gbígbọ̀n ọkọ̀ mọ́ra. Símẹ́ǹtì nìkan kò lè ṣe é, yóò le jù, yóò sì sán. Ọ̀dà (bítúmẹ̀nì, èyí tí wọ́n fi ń ṣe títì) nìkan kò lè ṣe é, ooru yóò rọ̀ ọ́ jọ̀jọ̀. Ṣe ni a pò wọ́n pọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ràn ara wọn. Àwọn oògùn, ìyẹn kẹ́míkà tí a ń fi kún ìpò, tí a fi ń là wọ́n níjà ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù.

Ní Jàpáánì ni irú mọ́tà yìí ti gbilẹ̀, lábẹ́ ojú irin Shinkansen, ti ọkọ̀ ayára wọn, tó dé Okayama ní 1972, tó sì dé Hakata ní 1975. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn, tó le jù ú lọ fíìfíì. Irú ti Jámánì yìí ni wọ́n lò láàárín Beijing àti Tianjin ní Ṣáínà, ojú irin tó ṣí ní 2008. Ti Jàpáánì nípọn ní nǹkan bíi mm 50, ọ̀dà rẹ̀ pọ̀, agbára 1.8 MPa la sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 28 (MPa kan jẹ́ nǹkan bíi kg 10 lórí cm onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan). Ti Jámánì nípọn ní nǹkan bíi mm 30, símẹ́ǹtì ló jọba nínú rẹ̀, 15 MPa ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá ka ìwọ̀n èròjà ọ̀kan tó lọ fi po èkejì yóò ṣòfò ohun èlò. Ti Jàpáánì la mú níbí.

Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 orí òkúta wẹ́wẹ́ ló wà, kò ní nǹkan í fi mọ́tà yìí ṣe. Ṣùgbọ́n ojú irin ń pọ̀ sí i ní Èkó. Ìlà Búlúù ń fojú sí Òkòkòmàikò, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn ìwọ̀n èròjà tó wà nínú ìwé, ibi tí ooru rẹ̀ kò tó tiwa ni wọ́n ti kọ wọ́n. Ó yẹ ká mọ ohun tí ooru àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà ń ṣe fún mọ́tà yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀DÀ OLÓMI: IBI TÍ GBOGBO RẸ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀dà olómi ni ọ̀dà tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ sínú omi, tí ọṣẹ kan ń dì í mú kó má baà para pọ̀, bí ọṣẹ ṣe ń gba òróró ara abọ́ mọ́ omi lọ. Nínú kg 10 rẹ̀, kg 6 jẹ́ ọ̀dà, ìyókù omi. Lọ́jọ́ tí ọṣẹ yẹn bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ọ̀dà á dì mọ́ra, omi á yọ sọ́tọ̀. Wọ́n ń pè é ní pé ó já.

Èyí tí àwọn oníṣẹ́ títì ń wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ọ̀dà gbígbóná, wọ́n dìídì ṣe é kó tètè já ni. Ó dára lójú títì. Nínú mọ́tà, ìparun ni. Èyí tí wọ́n fi kẹrosíìnì là, tí wọ́n ń pè ní MC, ẹ má tilẹ̀ gbé e wọ ibi iṣẹ́, torí kẹrosíìnì kò ní ibi tí yóò gbà jáde lábẹ́ sílábù, yóò kàn máa rọ ọ̀dà náà ni. Èyí tí a ń wá ni èyí tó ń pẹ́ já, tí iná mànàmáná pọ́sítíìfù wà lára ẹyọ ọ̀dà rẹ̀.

Kí a tó sanwó dúrọ́ọ̀mù, ìdánwò kan wà tó ń tú àṣírí. Ẹ mú g 100 ọ̀dà olómi, ẹ fi g 9 omi là á, kí ọ̀dà inú rẹ̀ lè di 55%. Ẹ wọn ml 100 nínú rẹ̀, ẹ da g 50 símẹ́ǹtì tí a ti jọ̀ dáadáa sí i. Ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan, bí ìgbà 60 ní yíyí. Ẹ fi ml 150 omi kún un, ẹ tún rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ wá sẹ́ ẹ lórí asẹ́ ojú mm 1.4. Ohun tó bá kù lórí asẹ́, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá ju g 2 lọ, ẹ má rà á.

Dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ kùnà níbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi ta kókó mọ́ orógùn bí àmàlà tí wọn kò rò dọ́gba, omi tó ṣẹ́kù sì mọ́ gaara. Ohun tó fà á ni pé símẹ́ǹtì tó bá ti kan omi, iná nẹ́gétíìfù pọ̀ lójú rẹ̀, ẹyọ ọ̀dà sì gbé pọ́sítíìfù. Wọ́n á sáré dì mọ́ra kí a tó ráyè rò wọ́n.

Oògùn àkọ́kọ́ wọlé níbí. Ọṣẹ tí kò gbé iná kankan lára ni, irú èyí tí àwọn tó ń po ọṣẹ olómi máa ń rà ní gálọ́ọ̀nù. Ó ń wé mọ́ ẹyọ ọ̀dà bí aṣọ, kí símẹ́ǹtì má baà rí i fọwọ́ kàn tààrà. 1% ìwọ̀n ọ̀dà olómi la lò, a sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú u kí a tó dà á sínú ọ̀dà. Bó bá kọjá 2%, yóò máa hó fìrì-fìrì, símẹ́ǹtì yóò sì pẹ́ kó tó dì. Ó ń ran ọ̀dà tó ń pẹ́ já lọ́wọ́ ni o; kò lè sọ èyí tó ń yára já di èyí tó ń pẹ́ já. A gbìyànjú rẹ̀ lórí dúrọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn, kókó náà kàn dínkù ni. Dúrọ́ọ̀mù mìíràn la rà.

Ẹ yí dúrọ́ọ̀mù nílẹ̀ síwá sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tó ṣí i, torí ọ̀dà ti lè rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí awọ bá wà lójú rẹ̀, ẹ má rò ó wọlé, ẹ sẹ́ ẹ kúrò.

YANRÌN ÀTI ÌWỌ̀N ÈRÒJÀ

Yanrìn tí wọ́n ń fà nínú ọ̀sà ní apá Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́ wọ́pọ̀ ní Ìkòròdú, ó sì mọ́ lójú. Ṣùgbọ́n omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì wà lára ohun tó ń mú ọ̀dà olómi já. Ẹ fi omi kànga fọ yanrìn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sá a, ẹ jọ̀ ọ́ lórí asẹ́ mm 1.18 kí ìkarahun lè kúrò. Kó gbẹ pátápátá. Yanrìn tó bá ní 4% omi lára, nínú kg 22.4, ó ti gbé kg 0.9 omi wọlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí gbogbo omi tí a fẹ́ fi kún un kò ju kg 2.8 lọ.

Àlàfo náà gba lítà 36. Lítà 40 la pò, torí èyí tí yóò lẹ̀ mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì àti èyí tí a ó fi ṣe ìdánwò:

ọ̀dà olómi, kg 19.2
rọ́bà olómi, kg 1.6
omi, kg 2.8
símẹ́ǹtì 42.5, kg 11.2
yanrìn gbígbẹ, kg 22.4
ìyẹ̀fun amúwú, kg 1.12
ọṣẹ aláìníná, g 190
ìyẹ̀fun alumíníọ̀mù, g 1.4
apafòó (oògùn tó ń pa ìfófòó), ml 15
adádìídúró (oògùn tí kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì tètè dì), g 6

Ìyẹ̀fun amúwú yẹn, ìdá mẹ́wàá símẹ́ǹtì ni. Ẹ̀yà símẹ́ǹtì kan tó ní alumínà àti sọ́féètì ni, ó sì ń wú díẹ̀díẹ̀ bó ti ń dì, láti dí sísúnkì ọjọ́ iwájú. Wọn kì í tà á ní ìsọ̀ símẹ́ǹtì. Ẹni tó ń kó oògùn kọnkéré wọlé ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀWỌN OÒGÙN TÓ Ń BÁ ARA WỌN JÀ

Rọ́bà olómi ń jẹ́ kí mọ́tà fà, kó lẹ̀ mọ́ kọnkéré, kó sì má mu omi. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà, tí bíríkìlà ń fi lẹ kọnkéré tuntun mọ́ ògbólógbòó, iná nẹ́gétíìfù ló sábà máa ń gbé. Ẹ dà á sínú ọ̀dà wa tó gbé pọ́sítíìfù, àwọn méjèèjì á dì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́. Ẹ bu ṣíbí ọ̀dà kan àti ṣíbí rọ́bà kan sínú ife funfun, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Bó bá dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife bí ẹ̀kọ mímu, ó ṣeé lò. Bó bá ní hóró-hóró bíi wàrà tó bà, ẹ gbé e kúrò. Ìdánwò kékeré yìí ni ẹ máa ṣe fún gbogbo oògùn olómi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fẹ́ fi kún un. Ife kan kò wọ́n. Lítà 40 wọ́n.

Amúṣàn, oògùn tí wọ́n ń fi dín omi kọnkéré kù, kùnà nínú ife yẹn. Òun náà gbé nẹ́gétíìfù. Nínú irú mọ́tà ti Jámánì, tí símẹ́ǹtì pọ̀ nínú rẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ sì gbé nẹ́gétíìfù, ààyè rẹ̀ wà, kódà kò ṣeé ṣe láìsí i. Nínú tiwa a yọ ọ́ kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa fẹ́ fi í síbẹ̀ torí pé ó ṣiṣẹ́ nínú kọnkéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ti afẹ́fẹ́ ló ń da èèyàn láàmú jù. Afẹ́fẹ́ kéékèèké tó tàn ká gbogbo mọ́tà dára, ó ń jẹ́ kó ṣàn, kó sì rọ̀. 8 sí 12% la fẹ́. Afẹ́fẹ́ ńláńlá ni ọ̀tá, torí yóò gòkè lọ kó ara rẹ̀ jọ sábẹ́ sílábù, ìfófòó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á wà láàárín mọ́tà àti kọnkéré, sílábù á sì jókòó lórí òfìfo. Ọṣẹ ń mú ìfófòó wá, rọ́bà ń mú u wá, ẹ̀rọ ìpò ń fà á wọlé. Apafòó ni a fi ń pa àwọn ńláńlá. Síríńjì ni ká fi wọ̀n ọ́n. Bó bá pọ̀ jù, ojú mọ́tà á dá ihò róbótó-róbótó bí ojú ẹja, afẹ́fẹ́ rere náà á kú, kò sì ní lẹ̀ mọ́ kọnkéré dáadáa.

Kò sí ìdí láti máa fojú díwọ̀n afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá nínú ìwọ̀n èròjà òkè yìí, lítà kan rẹ̀ yóò wọ̀n kg 1.62. Nítorí náà, ẹ wá ife tó gba lítà kan géérégé, ẹ bu mọ́tà kún un, ẹ fi igi fá ojú rẹ̀, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n. Kg 1.43 sí 1.49 ló tọ́. Bó bá jẹ́ kg 1.30, afẹ́fẹ́ ti di 20%, ẹ fi ml 3 apafòó kún un, ẹ rọra rò ó fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ti ju 1.52 lọ, ẹ ti pa á jù, kò sí àtúnṣe àfi kí ẹ po òmíràn.

Alumíníọ̀mù ló kéré jù nínú gbogbo wọn, òun ló sì lágbára jù. Omi símẹ́ǹtì korò bí omi eérú. Alumíníọ̀mù ń jó nínú rẹ̀, ó sì ń tú gáàsì háídírójìn jáde. Gáàsì yẹn ló ń wú mọ́tà kó fi ẹ̀yìn ti abẹ́ sílábù kó tó dì. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: g 27 alumíníọ̀mù ń bí nǹkan bíi lítà 37 gáàsì nínú ooru 30 °C. G 1.4 yóò bí bíi lítà 1.9, ìyẹn nǹkan bíi 5% lítà 40. Wíwú 1 sí 3% la fẹ́. A gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ìyẹ̀fun náà ló ń jó tán, apá kan gáàsì a sì máa sá lọ nígbà tí a ṣì ń rò ó. Bí ẹ bá fi g 4 sí i, sílábù á gòkè, mọ́tà á di kànìnkànìn. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka g 0.01, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ó ní ọ̀rá lára. Bí ẹ bá dà á sínú omi, yóò léfòó bí epo lójú ọbẹ̀, ibì kan á wú, ibì kan ò ní wú. Ẹ dà á sínú ike pẹ̀lú g 200 yanrìn gbígbẹ, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ tó dà á sínú símẹ́ǹtì. Eruku rẹ̀ lè gbiná, háídírójìn pẹ̀lú ń gbiná: kò gbọdọ̀ sí sìgá, kò gbọdọ̀ sí sítóòfù, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti pò ó.

Kí ẹ lè rí ohun tó ń ṣe, ẹ bu mọ́tà díẹ̀ sínú ìgò ìwọ̀n ml 250, ẹ fi báírò sàmì sójú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwọn ìfófòó tó dà bí orí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tò mọ́ ara ìgò, tí ojú mọ́tà sì ń kọjá àmì díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 30, wákàtí 1, wákàtí 2, àti lọ́jọ́ kejì. Bó bá wú tó tún wálẹ̀, gáàsì ti sá: mọ́tà ṣàn jù, tàbí apafòó pọ̀ jù.

Adádìídúró tí a lò ni sódíọ̀mù glukonéètì. Gbogbo bíríkìlà ló mọ̀ pé ṣúgà kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì dì. Ìbátan rẹ̀ ni èyí, ó kàn ṣeé darí jù ú lọ. G 6 rẹ̀ nínú kg 11.2 símẹ́ǹtì ń ra àkókò fún wa nínú ooru, kí alumíníọ̀mù lè parí iṣẹ́ rẹ̀ kí símẹ́ǹtì tó le mọ́ ọn lọ́wọ́.

BÍ A ṢE PÒ Ó

Omi, ọ̀dà, ọṣẹ, rọ́bà àti apafòó kọ́kọ́ wọ inú dúrọ́ọ̀mù ìpò, ẹ̀rọ ń yí jẹ́jẹ́. A ti po símẹ́ǹtì, yanrìn, amúwú, adádìídúró àti alumíníọ̀mù pọ̀ ní gbígbẹ sọ́tọ̀. Gbígbẹ la ń dà sínú olómi, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹni tó bá da olómi lé gbígbẹ yóò rí kókó símẹ́ǹtì tí ọ̀dà ti wé mọ́, tí omi kò ní wọ̀ mọ́ láéláé. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta ní yíyára. Ẹ máa wo ojú rẹ̀: bí ihò bá ti ń jìn láàárín bí ìgbà tí omi ń yí wọ inú kòtò, afẹ́fẹ́ ló ń fà yẹn, ẹ dín eré kù. Kó wá jẹ́ ìṣẹ́jú kan ní jẹ́jẹ́, kí àwọn ìfófòó ńlá lè jáde.

Fọ́nẹ́ẹ̀lì ìdánwò gba nǹkan bíi ml 640, ojú rẹ̀ nísàlẹ̀ jẹ́ mm 10. Ẹ kún un, ẹ ṣí i, ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá: 18 sí 26 ló dára. Mọ́tà tó dára á jáde bí okùn kan tó dán, tí kì í já. Bó bá ń já pàtì-pàtì, ọ̀dà ti ń já nínú rẹ̀. Bó bá kù sí 15, yanrìn á rì. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn náà, ẹ tún dán an wò. Ó ṣì gbọ́dọ̀ wà láàárín ìwọ̀n yẹn.

DÍDÀ ÀKỌ́KỌ́: SÍLÁBÙ LÉFÒÓ

Àpò aṣọ ni a fi gba mọ́tà lábẹ́ sílábù, aṣọ tí wọn kò hun, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ títì. Aránṣọ rán an ní ìwọ̀n sílábù, ó fi ọrùn kan sí igun kan, ó sì fi ojú àtẹ́gùn kan sí igun òdìkejì. Ẹ rin ín díẹ̀ kó má baà mu omi mọ́tà.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni dídà àkọ́kọ́. Mọ́tà ti gbóná dé 34 °C, fọ́nẹ́ẹ̀lì ka àáyá 31, kò sì ṣàn dé igun òdìkejì. Kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ìdà sókè sí cm 40 sí abẹ́ sílábù. Ó ṣàn lóòótọ́, sílábù náà sì gòkè ní mm 8 ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìṣirò ìbá ti sọ fún wa. Sílábù yìí wọ̀n kg 173, ìyẹn kg 240 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Cm kan mọ́tà ń ti nǹkan sókè pẹ̀lú kg 14.6 lórí ìwọ̀n kan náà. Bí mọ́tà inú ọrùn bá ti ga ju cm 16 lọ, sílábù ti fẹ́ léfòó. Ní cm 40, agbára tó ń tì í sókè tó kg 420. Sílábù ojú irin gidi nípọn ní nǹkan bíi mm 200, ó wúwo ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ cm 33 péré ló máa gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń de sílábù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó dà á.

DÍDÀ KEJÌ

Fún sílábù kejì, a gbẹ́ ihò mẹ́rin sínú ìpìlẹ̀, a fi irin onísíkúrù mm 16 sí i, a gbé irin méjì dábùú sílábù, a sì fi nọ́ọ̀tì dè é, ọwọ́ lásán la fi mú un le. Fífi súpánà fún un jù á tẹ sílábù wálẹ̀, àlàfo mm 50 á di 47.

Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ la bẹ̀rẹ̀. Àpò tútù ti bo dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà mọ́jú. Kg 2.8 omi ìpò náà, kg 0.6 nínú rẹ̀ jẹ́ yìnyín tí a rà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja. A jẹ́ kó yọ́ tán sínú kg 2.2 omi, omi náà bọ́ sí nǹkan bíi 7 °C, èyí tó ń fa gbogbo ìpò wálẹ̀ ní bíi ìwọ̀n mẹ́ta. Ẹ má ju yìnyín sínú ọ̀dà olómi tààrà: ibi tí yìnyín bá ti kàn án, ọ̀dà lè já níbẹ̀.

Fọ́nẹ́ẹ̀lì ka 22. Ife lítà kan wọ̀n kg 1.46. A dà á láti ọrùn kan ṣoṣo láìdáwọ́ dúró, ìṣẹ́jú márùn-ún, cm 20 ní gíga, kí mọ́tà máa lé afẹ́fẹ́ níwájú lọ sí ojú àtẹ́gùn. Bí a bá dà á lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ á há sáàárín. Nígbà tó yọ lójú àtẹ́gùn, a dè é, a sì fi okùn gbé ọrùn náà dúró ṣánṣán, kí èyí tó wà nínú rẹ̀ lè máa dí ohun tó bá rọ̀ wálẹ̀.

Fún ìdánwò, a gé páìpù ìnṣì méjì sí mm 50 ní gíga, a sì bu mọ́tà kún wọn. Ẹ wọn inú páìpù gan-an, ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ihò mm 50. Ẹ má sọ wọ́n sínú omi bíi kíúbù kọnkéré: omi kò ní jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ kó para pọ̀ di awọ. Abẹ́ òrùlé, nínú afẹ́fẹ́, ni kí wọ́n wà.

Kí a tó tú bóòtù, mọ́tà gbọ́dọ̀ pé 0.1 MPa. Lórí páìpù mm 50, kg 20 nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, a tú ọ̀kan jáde, a fi pákó pẹlẹbẹ lé e, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lítà 20 lé pákó. Ó dúró, kò tẹ̀. A tú bóòtù. 0.7 MPa ọjọ́ 7 jẹ́ kg 140, 1.8 MPa ọjọ́ 28 jẹ́ kg 360. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi fọ́ kíúbù kọnkéré kò lè ka ohun tó kéré báyẹn, ńṣe ni ọwọ́ rẹ̀ kàn máa mì díẹ̀ nítòsí òdo, tí ẹni tó ń kà á á sì kọ ohun tó bá wù ú. Ẹ̀rọ CBR tí àwọn oníṣẹ́ títì ń fi dán ilẹ̀ wò, tó ní òrùka ìwọ̀n agbára kN 50 (bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún), ló bá a mu.

Lọ́jọ́ 28 a gbé sílábù méjèèjì kúrò. Lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ìpele ìfófòó tó nípọn tó mm 2 bo nǹkan bí ìdajì ojú mọ́tà, ó rọ̀ bí eteétí búrẹ́dì, èékánná sì ń họ ọ́. Lábẹ́ ti kejì, ojú rẹ̀ dúdú, ó dọ́gba, ojú aṣọ àpò sì tẹ̀ sí i lára yíká. Àfi igun ojú àtẹ́gùn, níbi tí òfìfo kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ wà, mm 3 ní jíjìn. Ìfófòó ló kọ́kọ́ yọ níbẹ̀, a sì rò pé mọ́tà ni, a dè é. Fún ẹ̀kẹta, ojú àtẹ́gùn náà yóò di mm 40 dípò mm 20, a ó sì jẹ́ kí ife kan kún fún èyí tó ń jáde, kí a wọ̀n ọ́n, kó tó kg 1.43, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan okùn.